Pirípirì Ẹ̀yìnkùlé Soi

"Omi ti gbé e lọ, Àǹtí." Soi kò gbójú sókè lára ẹja tó ń ha ìpẹ́ rẹ̀. "Àkúnya tó kọjá ló gbá gbogbo pirípirì náà lọ."

Jisbe dúró sẹ́nu àtẹ̀gùn, ẹrẹ̀ etí odò Ucayali kún ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti àná ni Pekon, ọmọ rẹ̀, ti ń rọbí, ọkọ̀ ojú omi tó lè gbé e dé ilé ìwòsàn kò sì tíì dé.

"Ìyàwó wa, ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Jisbe wo ẹ̀yìn ilé fún ìgbà díẹ̀, ó yí padà, ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ Soi ni Jisbe. Nígbà tí ọkọ náà kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí ìlú Pucallpa, tó jókòó ti obìnrin mìíràn níbẹ̀, Jisbe ló sọ ọ́ létí odò, lójú gbogbo obìnrin abúlé: "Àbúrò mi lọ ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó rí ẹni tó mọ̀ ọ́n sè, ló bá jókòó." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Soi náà bá wọn rẹ́rìn-ín kí omijé má baà bọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti há a lọ́fun bí egungun ẹja.

Pirípirì náà, egbòogi tí wọ́n ń lo gbòǹgbò rẹ̀, ṣì wà lẹ́yìn ilé, ewé rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé òfíò. Ọ̀kan wà fún ibà, ọ̀kan fún oró ejò, ọ̀kan fún aboyún tó ń rọbí. Ìyá Soi ló fún un kó tó kú.

Igbe Pekon ń dún láti òdìkejì ọgbà. Pekon tó ń pọnmi fún Soi nígbà tí kò lè dìde lórí ẹní, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ lọ. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, tó fi ata sẹ́nu: irú èèyàn wo lòun dà yìí?

Nígbà tó yá, igbe náà dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà ló ba Soi lẹ́rù jù. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sáré dé ẹ̀yìnkùlé, ó fi ìka gbẹ́ gbòǹgbò ti aboyún jáde.

Nílé Jisbe, àwọn obìnrin yà fún un lọ́nà. Ó rin gbòǹgbò náà, ó fún omi rẹ̀ sínú igbá, ó gbé orí Pekon sókè. "Mu ún, ọmọ mi." Ó fi ìyókù ra á níkùn. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọbìnrin kan dé, ó kọ́kọ́ ké tín-ín-rín, lẹ́yìn náà ó ké gan-an.

"Níbo lo ti rí i?" ni ẹnì kan bi í.

Soi wo ọwọ́ rẹ̀ tí ẹrẹ̀ ti bò.

"Inú igbó ló ti lọ wá a," ni Jisbe dáhùn. "Ẹ ò rí ẹrẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ni?"

Wọ́n dúpẹ́ títí, Soi kò mọ ibi tí yóò fojú sí.

Ó tẹ̀lé Jisbe lọ sétí odò láti fọ aṣọ ìkúnlẹ̀.

"Àǹtí, omi ò gbé e lọ."

"Mo rí ewé ẹ̀ láàárọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀?"

Jisbe ri aṣọ sómi. "Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Èyí tí mo fi bú ẹ níbí?"

Soi wò ó. Pẹ̀lú gbogbo igbe ọmọ rẹ̀, obìnrin yìí ti gbà pé ìyà ẹnu òun ni òun ń jẹ.

Ó di etí kejì aṣọ náà mú. Wọ́n jọ fún omi rẹ̀ dànù, kò sì sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì.