Orúkọ Abẹ́ Fọ́tò

Ọdún tí ìjọba alágbádá padà dé ni. Nígbà náà, Ìyá Kómu, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó ń gbé ní ìlú Kómu, ṣì wà láàyè. Àwọn àbúrò ọkọ mi ti lọ tán, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ti lọ. Ìyá Kómu nìkan ló kù tó lè la ẹnu pe ọkọ mi ní orúkọ tí bàbá wọn sọ ọ́. Ẹsẹ̀ sì ti kọ̀ ọ́, kò lè dé ọ̀dọ̀ wa ní Ṣakí mọ́.

Iyè ọkọ mi ti ra. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló jí, ó bi mí pé, "Ìyá yìí, ta lẹ ń wá?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí àwàdà ni.

Mọ́ládé, nọ́ọ̀sì tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa, ló ní kí n lẹ àwọn fọ́tò wa sínú ìwé, kí n máa fi hàn án láràárọ̀, kí n máa pe orúkọ wọn sí i létí.

"Bí wọ́n bá ń gbọ́ orúkọ, Màmá, wọ́n lè rántí."

Ó ra ìwé ńlá fún mi. Mo da fọ́tò jáde nínú agolo bisikíìtì, mo po ẹ̀kọ, mo sì fi pa ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́ láti etí dé etí.

"Háà! Màmá, fọ́tò ni, ẹ ò rẹ́ ògiri!"

"Kó má baà bọ́ ni."

"Yóò hunjọ ni. Ẹ kọ́kọ́ tò wọ́n ná. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan lẹ ó fi ẹ̀kọ kàn. Ẹ sì fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún orúkọ."

Fọ́tò ìgbéyàwó wa ni mo ti bà jẹ́ yẹn. Ó hunjọ bí ojú àgbà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lẹ ìyókù.

Nígbà tó kan orúkọ, Mọ́ládé mú bírò.

"Ta nìyí?"

"Ẹyínfúnjowó."

"Eléyìí ńkọ́?"

"Adúmáadán."

"Bàbá fúnra wọn ńkọ́?"

"Bàbá Àsíátù."

Àsíátù ni àkọ́bí wa, ó wà nílé ọkọ ní Kútọnu. Mọ́ládé kọ ohun tí mo wí. Èmi náà ò ronú kàn án; orúkọ tí ẹnu mi mọ̀ ni mo pè.

Lọ́jọ́ kejì mo ṣí ìwé síwájú ọkọ mi. Ó fi ìka lé àbúrò rẹ̀.

"Ẹyínfúnjowó nìyẹn," mo wí.

"N kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Níbo ni yóò ti mọ̀ ọ́n? Àwa ìyàwó ilé nìkan là ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó fi ìka lé ara rẹ̀.

"Ọkùnrin yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi ta?"

"Bàbá Àsíátù."

"Ta ni Àsíátù?"

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kò jáde. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tí mo ti wà nílé rẹ̀, n kò pè é rí, àní nínú ìjà. Ó ń wo ẹnu mi bí ọmọ ẹyẹ ti ń wo ìyá rẹ̀. Mo pa ìwé dé.

Mo ránṣẹ́ sí Ìyá Kómu nípasẹ̀ dírẹ́bà tó ń na ọ̀nà Kómu. Lọ́jọ́ Alámìísì ló mú èsì dé: "Ẹ sọ fún ìyàwó mi pé kó pè é lórúkọ. Mo fún un láṣẹ."

Mo wọ ilé ìdáná, mo pe orúkọ náà sí ìkòkò. Ojú tì mí bí ẹni tó jalè. Mo ní ó di ọ̀la.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, mo gbé ẹ̀kọ mímu lọ bá a. Kò jí. Ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣí sí fọ́tò ara rẹ̀.

Àáfà tó wá wẹ̀ ẹ́ kì í ṣe ará àdúgbò wa. Ó bèèrè orúkọ tí òun yóò fi ṣe àdúà fún un. Gbogbo ilé ń wò mí.

"Ràsáàkì," mo wí.

Orúkọ náà jáde wẹ́rẹ́, àfi bí ẹni ń pe ọkọ mi wá jẹun.