Iná fún Ẹ̀rọ Tó Ń Fín Igi

Fàtáì ló ń gbẹ́ wàláà, pátákó tí wọ́n ń kọ kéwú sí, fún ọ̀pọ̀ ilé kéwú ní Ìwó. Òun náà ló ń fín ilẹ̀kùn fún àwọn tó bá ń kọ́ mọ́ṣáláṣí: ewé àti òdòdó tó lọ́ mọ́ra wọn, tó jẹ́ pé béèyàn bá fọwọ́ pa á, á fẹ́ẹ̀ rò pé ewé gidi ni. Lọ́dún 1985, àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù ú lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ọlọ́run yọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ là padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbé e. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ń gbọ̀n, kò lè di ọ̀bẹ ìfín mú mọ́.

Mùrí, àbúrò rẹ̀, ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Fàtáì ló tọ́ ọ nígbà tí bàbá wọn kú, òun ló sì dúró tì í títí tó fi kàwé dé òkè òkun. Nígbà tí Mùrí ń bọ̀ wálé, ó gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan dání, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú àwọn mọ́tò kéékèèké tó tú lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àlòkù. Mọ́tò wọ̀nyí kì í sáré yí bíi ti fáànù. Ìṣísẹ̀ ni wọ́n ń gbé, díẹ̀díẹ̀, bí kọ̀ǹpútà bá ṣe pàṣẹ. Lọ́jọ́ tí Mùrí rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ òsì jẹ ẹ̀kọ, tí ẹ̀kọ ń já bọ́ sílẹ̀, ó pinnu pé òun á kan ẹ̀rọ tí yóò máa fín igi fúnra rẹ̀.

Inú abà tí Fàtáì ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ti kàn án. Igi àti irin kò ṣòro fún un. Iná ló dà á láàmú. Mọ́tò ń fẹ́ iná tó lágbára, tí kì í ṣe ségesège. Iná ìlú ní tirẹ̀, bó ṣe ń lọ ló ń bọ̀. Ó lè dé kó pọ́n bí epo, ó sì lè dé kó mọ́lẹ̀ débi tí gílóòbù á fi bẹ́. Mùrí tú trasifọ́mà, irin tó ń yí agbára iná padà, lára ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan tó ti bàjẹ́, ó so ó mọ́ àwọn mọ́tò, ó sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá wò ó.

Ó tan án. Àwọn mọ́tò ń kùn, wọ́n ń gbọ̀n, wọn ò yí. Kò pẹ́, òórùn wáyà jíjó gba inú abà, èéfín sì yọ. Mùrí já wáyà lára ògiri. Fàtáì bu yẹ̀pẹ̀ dà sórí iná.

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá mi. Trasifọ́mà yẹn ló kéré. Màá wá òmíràn."

"Jẹ́ kó jó. Ta ló ní kó o ṣe é?"

Ẹnu ya Mùrí. "Mo rò pé inú yín ń dùn sí i ni."

"Mò ń wò ó ni. Mọ́tò rẹ ń gbọ̀n bí ọwọ́ mi. Àmọ́ ìwọ lè tún tirẹ̀ ṣe. Bó o bá tún un ṣe tán, kí lèmi á máa ṣe? Kí n jókòó ti ògiri, kí n máa gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ mi?"

Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, Mùrí kò bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè rí bóyá ó fẹ́ ẹ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó sì ti ilẹ̀kùn abà.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Àjíkẹ́, ìyàwó Fàtáì, tó gbọ́ ìró nínú abà náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Aṣọ òfì ni Àjíkẹ́ ń hun. Ó kúrò nídìí òfì, ó lọ wò. Ó bá ọkọ rẹ̀ tó jókòó ti wàláà kan tó fẹ́ fúnra rẹ̀ gbẹ́, tí kò gún, àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Àjíkẹ́ ya aṣọ, ó fi di ọgbẹ́ náà.

"Bàbá Ràhámọ̀tù, ẹ jẹ́ kí Tíṣà parí nǹkan yẹn."

"Kí n wá máa ṣe kí ni?"

"Ta ni yóò máa sọ fún un ohun tó yẹ kó fín? Àbí ẹ̀rọ ló máa mọ igi tó gbẹ yàtọ̀ sí tútù?"

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Fàtáì ránṣẹ́ pe Mùrí.

"Kí ló jó gan-an?"

Mùrí ṣàlàyé pé wáyà bàbà ni wọ́n ń wé yí irin ká tó fi ń di trasifọ́mà, àti pé bí wọ́n bá ṣe wé e sí ni iná tó ń ti inú rẹ̀ jáde yóò ṣe rí. Ó ní òun fẹ́ wé ńlá kan fúnra òun. Ó ra wáyà tuntun n'Ìbàdàn, ó gbé irin náà sórí ọ̀pá tó ní ọwọ́ yíyí, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Wáyà rẹ ń gun ara wọn," ni Fàtáì wí.

"Ẹ gbé e wá, Tíṣà," ni Àjíkẹ́ wí. "Ìdí òwú ni mo dàgbà sí."

Báyìí ni wọ́n pín iṣẹ́ náà. Fàtáì fi ọwọ́ òsì yí ọ̀pá, Àjíkẹ́ ń tẹ́ wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Mùrí sì ń ka iye ìgbà tó yí sókè ketekete, torí bó bá ṣì í kà, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni wọ́n wà nígbà tí Ìyá Àṣàbí, àgbà obìnrin agboolé náà, yà wá kí wọn. Mùrí ò lè dáhùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì ń ka iye rẹ̀ lọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mùrí, ṣé orí ẹ pé ṣá?"

Ẹ̀rín pa Fàtáì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ọwọ́ ọ̀pá sílẹ̀, tó ń nu ojú. Àjíkẹ́ di wáyà mú gírígírí, ó ń wo ọkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Mùrí kò gbẹ́kẹ̀ lé iná ìlú mọ́. Àmúdà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí lọ́rì rẹ̀ dákú sí Olúpọ̀nnà, yá a ní bátìrì lọ́rì náà méjèèjì. Bí iná bá dé, trasifọ́mà, pẹ̀lú ẹ̀yà kékeré kan tó ń jẹ́ kí iná máa gba ọ̀nà kan ṣoṣo, á máa rọ iná sínú bátìrì. Mọ́tò, kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n kékeré á sì máa mu lára bátìrì, bí ará ilé ṣe ń bu omi mu nínú àmù, yálà òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Ó fi fíùsì sí i, kó lè jẹ́ pé fíùsì ni yóò jó bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Fàtáì ló tan án. Àwọn mọ́tò gbé ẹsẹ̀, ọ̀bẹ sọ̀ kalẹ̀, ó kan igi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fín in. Ibi tó ń fín in dé ni iná ìlú ti lọ. Rédíò inú ilé dákẹ́. Ẹ̀rọ kò dákẹ́.

"Dá a dúró!" Fàtáì ti dìde. "Kókó igi wà níwájú rẹ̀. Á ṣẹ́ ọ̀bẹ." Ó yí igi náà padà, ó ní kí wọ́n tún un tàn.

Nígbà tí ẹ̀rọ fín in tán, Fàtáì bi Mùrí pé, "Ṣé ó lè fín ohun tí mo bá yà?"

"Ó lè fín in, Bọ̀dá mi."

Fàtáì mú èédú. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi mú un. Ó ya ewé kan sórí pátákó, etí ewé náà rí ségesège. Mùrí wọ̀n ọ́n láti ibì kan dé ibì kan, ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

"Mo lè bá yín tọ́ ibi tó wọ́ yìí."

"Má tọ́ ọ."

Ẹ̀rọ fín in bẹ́ẹ̀. Fàtáì fẹ́ lẹ́búlẹ́bú igi kúrò, ó fi ìka pa etí ewé náà káàkiri. "Ọwọ́ mi ni," ló wí. Àjíkẹ́ yíjú sí ògiri.

Àwọn tó tẹ̀ lé e, ó jẹ́ kí Mùrí tọ́ wọn. Àwọn méjèèjì fín ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí kan ní Ilé-Ogbó, wọ́n sì fín wàláà púpọ̀, kí kọ̀ǹpútà náà tó kú, tí wọn ò rí òmíràn. Trasifọ́mà ò kú ní tirẹ̀. Bátìrì ará àdúgbò ni wọ́n wá ń fi rọ iná sí. Ọwọ́ Fàtáì kò padà sípò tán, ṣùgbọ́n ó ń mú ṣíbí. Bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, abà rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ṣí.