Ọwọ́ Télọ̀

Àrùn rọpárọsẹ̀ gba ohùn lẹ́nu Bàbá Télọ̀. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, torí kò lè pe ẹnikẹ́ni bí nǹkan bá ṣe é. Àbúrò àkọ́bí náà obìnrin, tó ń tún fóònù ṣe, fàáké kọ́rí. Ó ṣe ẹ̀rọ kan bí aago ọwọ́: bí bàbá bá ju ọwọ́ sókè, fóònù ìyá wọn yóò dún. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ọwọ́ kò gbéra.

"Ẹ̀rọ ìranù!" ni ẹ̀gbọ́n wí.

Ìyá wọn rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, bí ọwọ́ tìẹ ṣe ń ṣe lo fi kọ́ ẹ̀rọ ẹ. Ta ló rí télọ̀ tó ń ju ọwọ́? Wo ìka wọn!"

Lóòótọ́, àtàǹpàkò bàbá àti ìka tó tẹ̀lé e so pọ̀, wọ́n ń fa abẹ́rẹ́ tí kò sí níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà fi ìfabẹ́rẹ́ yẹn kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ lákọ̀tun.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ń fọ abọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ figbe ta. Gbogbo wọn sáré wọlé: irọ̀rí ti yẹ̀ kúrò lábẹ́ orí bàbá. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ tún tì í síbẹ̀.

"Ọ̀gá ni ẹ́, àbúrò mi. Bàbá ò ní lọ síbì kankan mọ́."

Kó tó jókòó, fóònù tún ké. Bàbá kàn fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dún ni.