Àga Jimoh ní Lougba

Omi ni mo kọ́kọ́ mu yó nídìí iṣẹ́ tí mo ń ṣe títí dòní. Ẹni tó bá rò pé ìwé nìkan ni wọ́n fi ń wádìí ọ̀rọ̀ olówó àti tálákà, àti ìdí tí àìsàn fi mọ ilé ẹnìkan ju ti ẹlòmíràn lọ, onítọ̀hún kò tíì dé Lougba.

Ọdún 1996 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé, mo ń yan bí ẹni tó joyè, ẹnu mi sì mú ju abẹ lọ. Ọ́fíìsì kan tó ń ṣèwádìí ìlera ní Savalou gbà mí fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n fi wò mí ná. Ghislain, ọ̀gá mi, ọmọ Mahi tí kì í rẹ́rìn-ín kí ó tó di ọ̀sán, sọ ọ́ fún mi lójú kòró: "Sétou, bí fíṣì rẹ bá dára, o di tiwa. Bí kò bá dára, padà sídìí bàtà ìyá rẹ." Bàtà rọ́bà ni ìyá mi ń tà lọ́jà Bantè, ó sì ti gbá ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ mọ́ dè mí. Mo búra pé n kò ní jókòó síbẹ̀ láéláé.

Fíṣì ni bébà ìbéèrè wa. Ṣé ẹ ní àga onítìmùtìmù? Rédíò ńkọ́? Páànù ló wà lórí ilé yín àbí koríko? Lẹ́yìn náà la óò béèrè iye ìgbà tí ibà mú àwọn ọmọ láti ìgbà ààwẹ̀ tó kọjá.

Mo ṣe abúlé Agoua, mo ṣe Bobè, kò sí wàhálà. Nígbà tí Razack, oní-zémi tó ń fi alùpùpù gbé mi kiri, gbé mi dé Lougba, ẹnu yà mí. Nínú ogójì ilé tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀, kò sí èyí tí mo wọ̀ tí n kò bá àga onítìmùtìmù pupa àti rédíò! Wọ́n sì mọ àlejò í ṣe. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dá mi dúró níwájú ilé, wọ́n á gbé omi fún mi, n kò sì ní wọlé àfi bí mo bá mu ún tán. Wọ́n á tún bu òmíràn. Mo mu omi títí ikùn mi fi ń dún bí àmù tí wọ́n gbé sórí kẹ̀kẹ́. Mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀: àga, ó wà, rédíò, ó wà.

Ghislain wo àwọn fíṣì àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín ní kùtùkùtù òwúrọ̀. "Ó mà dára o! Lougba lówó ju Bobè lọ, síbẹ̀ ibà ń bá wọn jà bákan náà. A jẹ́ pé owó kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ibà. Mú ìyókù wá lọ́jọ́ Jímọ̀, ìwé iṣẹ́ rẹ á ti wà lórí tábìlì."

Lọ́jọ́bọ̀, mo jókòó nílé kọkàndínlọ́gbọ̀n, ìka mi sì bọ́ sínú ihò kan lápá àga, níbi tí iná sìgá ti jó o. Ihò yẹn! Ìka mi ti mọ̀ ọ́n. Inú rẹ̀ ni mo ti ń ki ìka bọ̀ láti ilé àkọ́kọ́. Mo wo rédíò: kò ní bọ́tìnnì, bíi ti gbogbo ilé tó kù. Mo fò dìde.

"Àga ta nìyí?"

Houlératou, ìyá onílé, kò tilẹ̀ tijú. "Ti Jimoh tó ń ta bẹntiróòlù ni. Ọmọ mi, ṣé orí odó ni kí àlejò jókòó? Bí o bá ti ń mu omi níwájú ilé, ẹ̀yìnkùlé la ń gbé e gbà wọlé. Ìwọ náà sì ń yára mu omi jù, apá ti ń ro wá."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fa fíṣì ya. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀, ọ̀la sì ni Jímọ̀! Razack rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Táńtì, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wo ni yóò ti Cotonou wá yẹ àga wò?" Òótọ́ ló sọ. Mo rí ìsọ̀ bàtà ìyá mi lójú mi kedere, mo sì pinnu pé n óò pa ẹnu mi mọ́.

Ilé tó kàn wà lẹ́yìn oko kajú, ti opó kan tó ń jẹ́ Awaou. Ó gbé omi fún mi nínú igbá. Mo ti mọ iṣẹ́ mi wàyí: mo rọra ń mu ún, kí àwọn tó ń gbé àga lè ráyè. Mo mu ún tán. Mo béèrè òmíràn. Àga kò dé. Awaou dojú odó délẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún.

"Ẹ jókòó, Táńtì. Ta ni yóò gbé àga wá fún mi? Láti ìgbà tí baálé mi ti kú, tí mo ní n kò fẹ́ àbúrò rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í yà síbí."

Mo béèrè ọ̀rọ̀ ibà. Ó ní ìgbà méje ló ti mú Fadilath, ọmọbìnrin rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní nítòsí wa, tí ara rẹ̀ ń jó fòfò. Kí ló dé tí kò gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Bantè? Ó wò mí bí ẹni wo òmùgọ̀. "Kí ni kí n fi gbé e?"

Ìgbà náà ló yé mi. Nínú gbogbo ilé tí àga dé, ìdáhùn kan náà ni wọ́n fún mi: ibà mú ọmọ, Jimoh fi alùpùpù rẹ̀ gbé e lọ sí Bantè. Ọ̀nà tí àga ń gbà ni alùpùpù náà ń gbà. Ojú tì mí gan-an. Ohun tí àwọn ènìyàn ní ni mo ń bi wọ́n, n kò bi wọ́n ní ẹni tí wọ́n ní.

A gbé Fadilath sáàárín èmi àti Razack, ó di Bantè.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Ghislain. Ó pariwo débi pé gbogbo ọ́fíìsì dákẹ́. Èmi náà pariwo. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbọ̀n. "Ẹ fún mi lọ́sẹ̀ kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni n óò fi kún un: bí àlejò bá dé, ta ni yóò yá yín ní àga?"

Ó ti àwọn fíṣì padà síwájú mi. "Ọ̀sẹ̀ kan," ó ní. "Lẹ́yìn ìyẹn, bàtà."

Mo parí ilé tó kù, mo wá tẹ́ bébà ńlá kan síwájú ìsọ̀ Jimoh, mo ní kí àwọn ará Lougba fi ọ̀nà tí àga gbà hàn mí láti ilé dé ilé. Inú wọn dùn, kálukú ń jà pé ìlà tòun kò tọ́. Nígbà tí a fà á tán, ilé mẹ́fà ló dá wà tí ìlà kankan kò kàn. Mo wá ní kí a ka àwọn ọmọ tí a ti sin láàárín ọdún méjì. Nínú ilé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọmọ mẹ́ta. Nínú ilé mẹ́fà yẹn, ọmọ méje. Kò sẹ́ni tó tún jà. Àṣàbí, ìyàwó Jimoh, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, fi ìborùn bojú.

Bébà yẹn ló fún mi níṣẹ́. Láti ìgbà náà, abúlé yòówù tí mo bá dé, ọ̀rọ̀ àga ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ṣì ń sọ pé bàtà ni ìbá yẹ mí jù.

Ọdún 1999 ni mo tó tún dé ilé Awaou. Fadilath ló jáde wá kúnlẹ̀ kí mi, ó ti ga. Ìyá rẹ̀ ní ibà tún mú un nígbà òjò tó kọjá, ẹ̀ẹ̀kan péré, Jimoh ló sì wá gbé e lọ. Mo dúpẹ́, mo fẹ́ wọlé. Awaou na ọwọ́ dí mi lọ́nà.

"Rárá o, Táńtì. Ẹ kọ́kọ́ mu omi."

Mo gba igbá. Mo gbọ́ tí nǹkan ń ha ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo sì gbọ́ ohùn Àṣàbí tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí wọ́n rọra, kí ẹsẹ̀ àga má gbá ara ilẹ̀kùn. Omijé dé ojú mi. Mo gbé igbá sẹ́nu, mo rọra ń mu ún díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè ráyè.