Táyà Iwájú

Òkè tí Anicet ń gbé lẹ́yìn àdúgbò Nzeng-Ayong ní Libreville kò ní ọ̀dà. Yangí ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè, òkúta wẹ́wẹ́ tí kò lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, tó ń yí lábẹ́ bàtà bí ẹ̀wà gbígbẹ. Bí òjò bá ti rọ̀, àwọn awakọ̀ taxi kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ibẹ̀. Wọ́n á mi orí, wọ́n á sì wa mọ́tò wọn lọ.

Ìdí rèé tí Anicet fi ń wá táyà kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣeré. Chloé, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún òun àti Eugénie aya rẹ̀, ni àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá fínra láti kékeré. Dókítà ti kìlọ̀ fún wọn pé bí ìrora bá ti wọ inú egungun ọmọ náà, kí wọ́n má dúró sílé, kí wọ́n má retí ọ̀la, kí wọ́n gbé e wá kíákíá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti ilé wọn dé ojú títì ọlọ́dà tí taxi wà, pàápàá fún ẹni tó gbé ọmọ lọ́wọ́.

Káfíńtà ni Anicet, ọmọ Pobè ní ilẹ̀ Benin. Òyìnbó kan tó kan kọ́bọ́ọ̀dù fún ló fi kẹ̀kẹ́ kan sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀, irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gun òkè, tí àwọn ará Libreville ń pè ní VTT. Irin rẹ̀ lágbára, búréèkì rẹ̀ sì mú, àmọ́ táyà rẹ̀ méjèèjì ti dán bí ẹ̀yìn àwo. Anicet fi pákó àti fóòmù ṣe ìjókòó sẹ́yìn rẹ̀ fún Chloé, ó sì fi bẹ́líìtì sí i kí ọmọ má baà jábọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ìrora dé kẹ́yìn, kò lè gun kẹ̀kẹ́ náà sọ̀kalẹ̀. Ṣe ló ń fi ọwọ́ tì í, tí ọmọ ń sunkún lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, dókítà ní, “Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ jù.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́.

Ó lọ bá Alájì Wàrísù ní àdúgbò Rio. Ará Ìsẹ́yìn ni Wàrísù, ó ti pẹ́ ní Libreville, ó sì ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tí wọ́n so táyà kọ́ láti àjà dé ilẹ̀.

“Bàbá Chloé, àfi tí nǹkan bá bàjẹ́ la tó ń rí ọ,” ni Wàrísù wí. “Ṣé bó o ṣe ń ṣe sí Ọlọ́run nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín náà nìyẹn?”

“Òun náà ń bá mi wí lórí ẹ̀, Alájì.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màá bá a kún un. Kí lo fẹ́?”

Anicet sọ ohun tó fẹ́ fún un, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú Wàrísù. Ó dìde.

“Yangí ọ̀hún, ṣé èyí tó ti lẹ̀ ni àbí èyí tó ń yí?”

“Èyí tó ń yí ni.”

Wàrísù fa táyà kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, ó wò ó, ó sì dá a padà. “Ti ọ̀nà ọlọ́dà nìyí. Lórí òkè yín, bí ọṣẹ ló máa rí.” Ó mú òmíràn tí eyín rẹ̀ wẹ́, tó sún mọ́ra. “Èyí dáa lórí ilẹ̀ tó le. Ṣùgbọ́n òkúta wẹ́wẹ́ á há sáàárín eyín rẹ̀, kò ní rí nǹkan dì mú.” Lẹ́yìn náà ló wá na ọwọ́ sókè pátápátá, ó sì mú ọ̀kan tó fẹ̀ wá, tí eyín rẹ̀ ga, tó jìnnà síra. Tuntun ni, irun róbà tín-ín-tín-ín ṣì wà lára rẹ̀ bí ó ṣe jáde láti ilé iṣẹ́. “Èyí ni tìrẹ. Eyín rẹ̀ á rì sáàárín òkúta, á kan ilẹ̀ lábẹ́. Wo àwọn ti ẹ̀gbẹ́ yìí náà. Nígbà tó o bá ń yí kọ́nà, àwọn ló máa gbà ọ́.”

“Ẹ fún mi ní méjì.”

“Ẹyọ kan ló kù. Kọ̀ńtẹ́nà mi wà ní èbúté Owendo, kò tíì jáde. Mú èyí lọ ná, kó o fi sí iwájú. Bí èkejì bá dé, màá tọ́jú ẹ̀ dè ọ́.”

“Ẹ̀yìn lọmọ ń jókòó, Alájì.”

“Mo gbọ́. Iwájú ni kó o fi sí. Bí táyà ẹ̀yìn bá yọ̀, kẹ̀kẹ́ á mì díẹ̀, wàá fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Bí ti iwájú bá yọ̀, kó o tó mọ̀, o ti wà nílẹ̀. Má sì fún un ní afẹ́fẹ́ jù. Fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kó rọ̀ díẹ̀ sí ọ lọ́wọ́.”

“Gbogbo ìwúwo wà lẹ́yìn.”

Wàrísù wò ó. Kò rọrùn láti bá baba jiyàn lórí ọmọ rẹ̀. “Iwájú,” ó tún wí.

Nígbà tí Anicet délé, ẹ̀yìn ló fi táyà náà sí.

Kì í ṣe pé kò gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, abẹ́ Chloé ni wọ́n ń tẹ́ ohun tó bá dára jù lọ sí. Tìmùtìmù tó rọ̀, tirẹ̀ ni. Ẹran inú ọbẹ̀, tirẹ̀ ni. Báwo ni baba yóò ṣe mú táyà tuntun, kí ó fi sí iwájú ara rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ sì jókòó lórí èyí tó ti dán?

Eugénie dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. “Ṣé bí Alájì ṣe ní kí ẹ ṣe é nìyẹn?”

“Alájì kọ́ ló bí i.”

Anicet fọn afẹ́fẹ́ sí táyà náà títí ó fi le, ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì gbàdúrà sí Ọlọ́run tó ń pa ẹsẹ̀ àwọn tirẹ̀ mọ́. Chloé ṣe àmín kí àdúrà tó parí, nítorí ó fẹ́ fọwọ́ kan àwọn eyín náà.

“Papa, ó dà bí ẹnu ọ̀nì.”

“Ọ̀nì ni. Á máa gé òkè yìí jẹ fún wa.”

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé e láti ìdí ẹ̀rọ omi tó wà lójú ọ̀nà òkè náà dé ilé. Táyà ẹ̀yìn di ilẹ̀ mú, kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Chloé sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Inú Anicet dùn, ó rò pé òun ti yàn dáadáa. Kò rántí pé ìgòkè ni wọ́n ń gòkè lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni ìrora dé. Anicet di ọmọ mọ́ ìjókòó, ó sì forí lé ìsàlẹ̀. Ní kọ́nà tó wà lókè ẹ̀rọ omi, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fa ilẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Táyà iwájú ti lọ. Anicet fò jìnnà, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì tó fi di Chloé kò jẹ́ kí ọmọ náà bọ́ lára kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ń wọ́ ọ lọ lórí yangí títí ó fi dúró.

Àwọn ará àdúgbò ló gbé wọn dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ ọmọ náà kán, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ sì bó, ṣùgbọ́n wọ́n tètè dé ilé ìwòsàn, ó sì yè é. Nígbà tó lajú, ó wo baba rẹ̀.

“Papa, mi ò gùn ún mọ́.”

“Ó tì, ìyá mi. O ò ní gùn ún mọ́.”

“Tu promets?”

“Mo ṣèlérí,” ni Anicet wí, nítorí ó fẹ́ kó sùn.

Nígbà tí kọ̀ńtẹ́nà jáde, Wàrísù ránṣẹ́ pè é. Anicet ti kẹ̀kẹ́ náà wá. Wàrísù jáde síta pẹ̀lú táyà kejì lọ́wọ́. Ó rí àpá lójú Anicet, ó rí ibi tí irin kẹ̀kẹ́ ti họ, ó sì rí ibi tí táyà àkọ́kọ́ wà.

“Ọmọ ńkọ́?”

“Ó yè é.”

“Alhamdulillah.”

Orúnkún ń dun Wàrísù, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ Rio níbẹ̀, ó yọ táyà tó ti dán kúrò, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi tuntun sí iwájú. Ó fọn afẹ́fẹ́ sí i, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì tú díẹ̀ jáde. Ó tú díẹ̀ jáde nínú ti ẹ̀yìn pẹ̀lú.

“Báyìí, bẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, á gbà yín.”

“Ọlọ́run á san án fún yín, Alájì.”

“Kó dá ọmọ sí fún wa ná.”

Anicet gbé kẹ̀kẹ́ náà sínú taxi títí dé ìsàlẹ̀ òkè, ó sì gbé e lé èjìká gòkè, bí ẹni pé kò fẹ́ kí yangí kan táyà náà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ọjọ́ náà pé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ símẹ́ńtì tí wọ́n fi di ọwọ́ tó kán kúrò lára Chloé. Ìrora náà bẹ̀rẹ̀ láti itan, ó sì gun àyà. Eugénie ti kẹ̀kẹ́ wá sẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bí Chloé ti rí i, ó fi ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná náà di férémù ilẹ̀kùn mú.

“Papa, o ṣèlérí.”

“Táyà tuntun ló wà níwájú, ìyá mi. Kò ní ṣubú.”

“O ṣèlérí.”

“Ẹ gbé e síbẹ̀,” ni Eugénie wí. “Ẹ̀rù á tán lára rẹ̀ tó bá dé ìsàlẹ̀. Ẹ gbé e, Bàbá Chloé.”

Ó gbé e. Ara ọmọ náà le gan-an bí igi, ó sì ń ké débi pé kò rí èémí fà. Gbogbo okun tí àìsàn ṣẹ́ kù fún un ló fi ń kọ̀. Anicet wo ojú rẹ̀, ó wo àpá tó wà níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀.

“Fún mi ní ìró rẹ,” ó wí fún aya rẹ̀.

Ó pọn ọmọ náà bí obìnrin ti ń pọnmọ, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀. Yangí ń yí lábẹ́ rẹ̀. Kò lè sáré, nítorí bí ó bá sáré yóò ṣubú. Ó bẹ̀rẹ̀ orin kan tí Chloé fẹ́ràn ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ọmọ náà sì ń gbè é lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ já gaara ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kéré. Nígbà tí wọ́n kọjá ẹ̀rọ omi, Eugénie tó ń rìn lẹ́yìn wọn nìkan ló ń gbe orin.

Taxi àkọ́kọ́ tó rí wọn dúró. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n tú ìró, wọ́n tẹ́ Chloé sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ dókítà ń yára. Nígbà tó ṣe, kò yára mọ́.

Wọ́n sin ín ní Ọjọ́bọ̀. Wàrísù wá, ó dúró lẹ́yìn àwọn ará ìjọ, ó bọ́ fìlà rẹ̀ sọ́wọ́. Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, Anicet jáde sí ẹ̀gbẹ́ ilé níbi tí kẹ̀kẹ́ náà fara ti ògiri. Irun róbà ṣì wà lára táyà iwájú látòkè délẹ̀, èyíkéyìí kò tíì já.

Ó gùn ún, ó sì forí lé ìsàlẹ̀. Kò tẹ búréèkì. Ní kọ́nà tó wà lókè ẹ̀rọ omi, ó yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kò bìkítà bóyá ó ṣubú. Òkúta fọ́n sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kẹ̀kẹ́ náà kò yẹ̀. Kí ó tó lè gba àdúrà Olúwa tán, ó ti dé ojú títì ọlọ́dà.

Ibẹ̀ ni Eugénie bá a, tó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, tí kẹ̀kẹ́ dùbúlẹ̀ tì í. Àwọn taxi ń kọjá. Eugénie jókòó, ó sì gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

“Ṣé táyà náà di ilẹ̀ mú?” ó bi í.

“Ó dì í mú,” ni Anicet wí.