Òórùn Tínà Lẹ́nu Ìyàwó Ọlọ́dà

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa fín ọ̀dà sára àga àti kọ́bọ́ọ̀dù. Ọlọ́dà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ àti yàrá tóun àtìyàwó ẹ̀ ń sùn, kí ẹ wá wo bí òórùn tínà tó fi ń po ọ̀dà ṣe bá wọn gbé fún ọgbọ̀n ọdún bí ọmọ ilé. Aṣọ wọn ń rùn tínà, ìrọ̀rí wọn ń rùn tínà. Ìyàwó yẹn tiẹ̀ máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé bóun bá kú, kòkòrò inú ilẹ̀ ò ní lè sún mọ́ òun.

Àtọ̀gbẹ ń yọ obìnrin náà lẹ́nu. Ojú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, kò lè ka nọ́ńbà tín-ín-tín-ín ara abẹ́rẹ́, torí náà Ọlọ́dà ló ń gún un fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọwọ́ tó ń fín ọ̀dà sára igi láìjẹ́ kó ṣàn, kí ni abẹ́rẹ́ jẹ́ fún un?

Lọ́jọ́ Ajé kan, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run obìnrin yìí. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì, ara ẹ̀ gbóná, kò lè jẹun. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó na apá.

"Bàbá wọn, abẹ́rẹ́ mi."

"Ṣé o jẹun ni?"

"Mi ò jẹ. Àmọ́ wọ́n ní ojoojúmọ́ ni."

"Ìyá wọn, gbọ́. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn ni kó gbá ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. O ò fi nǹkan kan sẹ́nu látàárọ̀. Kí ló fẹ́ gbá? Ṣó o ti gbàgbé ọjọ́ tí mo gún ẹ tó ò jẹun, tó o dákú mọ́ mi lọ́wọ́?"

"O ti di dókítà nìyẹn."

"Ọdún mẹ́rin tí mo ti ń gún ẹ, ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ti ń jiyàn."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fa apá ẹ̀ padà. Ó gbà á gbọ́. Ẹ bá mi wò ó o, ó gbà á gbọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, òùngbẹ mú un. Jọ́ọ̀gì omi mẹ́ta, kò tó. Bó ṣe ń mu ún ló ń tọ̀ ọ́. Ọlọ́dà ò ṣí ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń tọ́jú ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè nu ojú ẹ̀, òórùn tínà bá lù ú nímú.

"Mo mà tún ti gbé iṣẹ́ wọlé," ló wí.

Ó lọ wẹ̀, ó fi ọṣẹ ha ara ẹ̀ bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ó pààrọ̀ aṣọ. Ó kó gbogbo agolo tínà lọ sẹ́yìn ilé, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Ó padà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, òórùn tínà náà ni. Ó wá ní ògiri ni, pé ọgbọ̀n ọdún kì í tán lára ògiri lọ́jọ́ kan.

Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin náà ń mí helehele. Ó dùbúlẹ̀ o, àmọ́ bí ẹni tó ń gun òkè ló ń mí, mímí tó jìn, tí kò dáwọ́ dúró. Eegun ọrùn ẹ̀ ti yọ síta. Ọlọ́dà ní, "Ìyá wọn, mu omi ọbẹ̀ yìí díẹ̀." Orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ti kú ló fi dá a lóhùn.

Ọ̀sán yẹn ni nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò, tó mọ̀ pé Ọlọ́dà ló ń gún ìyàwó ẹ̀ lábẹ́rẹ́, wá béèrè àga tó gbé wá fún ọ̀dà.

"Ọlọ́dà, ṣé ìdí ẹ lo fi ń dán àga mi wò ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Ara ìyàwó mi ni ò yá. Mi ò tíì ṣiṣẹ́ látìjẹta."

Màmá náà ní kóun kí i. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó dúró.

"O ní o ò ṣiṣẹ́. Kí ló wá ń rùn?"

"Ògiri ni, mà."

Nọ́ọ̀sì gbóòórùn ògiri. Ó gbóòórùn ẹ̀wù Ọlọ́dà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ síbi ẹnu obìnrin náà, kò sì tètè nàró.

"Ìgbà wo lo gún un kẹ́yìn?"

"Àárọ̀ Ajé. Kò jẹun látìgbà yẹn, mo wá ní..."

"Mú ẹsẹ̀ ẹ̀. Mo ní mú ẹsẹ̀ ẹ̀."

Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ aládùúgbò. Ọ̀nà ni nọ́ọ̀sì ti là á yé e, ohùn ẹ̀ ò lọ sókè.

"Gbogbo hóró kéékèèké tó para pọ̀ di ara èèyàn ló ń wá nǹkan tó máa dáná. Ṣúgà ni wọ́n sáábà máa ń fi dáná. Bí ṣúgà bá ń tán lọ, wọ́n á yí sí ọ̀rá, díẹ̀díẹ̀, kò burú. Ọ̀rọ̀ oògùn inú abẹ́rẹ́ yẹn lo ò gbọ́ yé. Kì í gbá ṣúgà dànù, ilẹ̀kùn ló ń ṣí fún un kó lè wọnú hóró. Òun náà ló ń di ọ̀rá lọ́wọ́ mú kó má jó kọjá bó ṣe yẹ."

"Àmọ́ kò jẹun, mà."

"Ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ń ṣe ṣúgà fúnra ẹ̀, àìsàn tún máa ń jẹ́ kó ṣe sí i. Ṣúgà kún ìta, kò rọ́nà wọlé. Ebi ń pa hóró lẹ́nu ilẹ̀kùn oúnjẹ. Wọ́n bá ti iná bọ gbogbo ọ̀rá ẹ̀. Ohun tó ń jáde lára iná yẹn ló ń sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan, òórùn ẹ̀ tó dà bíi ti tínà lo ń gbọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń kìlọ̀ fún ẹ."

Mímí obìnrin náà nìkan ló gba inú ọkọ̀ kan.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fi oògùn yẹn sínú ẹ̀. Dókítà ní ká ní ó di ọ̀la ni, òkú ni wọn ì bá gbé wá. Ọjọ́ méjì ni kò mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ọlọ́dà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ka mímí ẹ̀ títí mímí náà fi rọ̀.

Ọjọ́ tó lajú, wọ́n sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Nígbà tó tó àkókò abẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ na abẹ́rẹ́ sí Ọlọ́dà.

"Ẹ gún un, bàbá, ká lè rí i pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe kẹ́ ẹ tó máa lọ sílé."

Ọlọ́dà gbà á.

Obìnrin náà wò ó. Ó wá yí apá ẹ̀ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi, ìwọ ni kó o gún mi," ló wí. "Kó o sì kọ́ mi bí màá ṣe máa fọwọ́ mọ nọ́ńbà ẹ̀."