Ìbọn Urho Kangas Gbọ́dọ̀ Hàn Síta

Ọ̀rẹ́ mi ni Urho Kangas láti ìgbà tí àwa méjèèjì ti ń jókòó ní ẹ̀yìn kíláàsì, nítorí náà mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ báyìí: orí kunkun rẹ̀ kò ní oògùn. Ó ti di ọdún mẹ́fà tó ti ń so ìbọn ìléwọ́ mọ́ ìdí rẹ̀ ọ̀tún káàkiri ìlú Kettle Bay. Kò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Inú akọ̀ aláwọ ló wà, ó sì máa ń fi òróró ra akọ̀ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó lè máa dán.

Bí òfin ìpínlẹ̀ wa ṣe rí nìyí. Bí o bá fẹ́ gbé ìbọn kiri kí gbogbo ayé máa rí i, máa gbé e lọ, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá tiẹ̀ bò ó díẹ̀, ó ti di ìbọn àfipamọ́, ìwé àṣẹ sì di dandan. Urho ní òun kò gba ìwé kankan. "Ẹ̀tọ́ tí Ọlọ́run fún mi, kí n wá lọ máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọba? Akọ̀wé tí mo kọ́ bàbá rẹ̀ ní ẹja pípa?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́. Àmọ́ Kettle Bay ni à ń gbé, níbi tí yìnyín ti ń bọ́ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin, ẹni tó bá sì jáde láìwọ kóòtù, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa ara rẹ̀. Urho á kọ́kọ́ wọ kóòtù rẹ̀ alápá gígùn, èyí tó jẹ́ pupa pẹ̀lú ìlà dúdú, á wá de bẹ́líìtì ìbọn mọ́ orí kóòtù náà, gbogbo rẹ̀ á sì wú níwájú àti lẹ́yìn. Inú mọ́tò tún ni tirẹ̀ lọ́tọ̀, torí òfin ka inú mọ́tò sí ibi ìpamọ́. Kó tó wọ mọ́tò, á yọ ọta, á ti ìbọn mọ́ inú bùùtù. Bó bá dé ibi tó ń lọ, á ṣí bùùtù, á kó ọta padà, á tún dè é mọ́dìí. Láti ilé rẹ̀ dé ilé ìtajà, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mọ́tò ń rìn. Ìbọn ń gba mọ́kànlá.

Ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ gbé ìbọn wọ báńkì, kò gbọ́dọ̀ gbé e wọ ilé ọtí, kò sì gbọ́dọ̀ gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ọtí la sì ti ń jẹ ẹja díndín ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì láti ayé àtijọ́. Ìta ni Urho ti ń jẹ tirẹ̀. A máa ń na àwo sí i lójú fèrèsé, á gbé e lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, kó tó jẹ ẹ́ dé ìdajì, ọbẹ̀ funfun ẹ̀gbẹ́ ẹja á ti dì nínú òtútù. A bi í bóyá ó dùn. Ó ní òmìnira dùn.

Onígbàjámọ̀ ni mí. Waino Salmi ni orúkọ mi, ṣọ́ọ̀bù mi sì dojú kọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Bí Urho bá jókòó sórí àga mi, mi ò gbọ́dọ̀ ta aṣọ bò ó bí mo ṣe ń ta á bo àwọn yòókù, torí ìbọn á di àfipamọ́. Apá òsì nìkan ni mo ń bò. Irun apá ọ̀tún á máa já sínú akọ̀ tó fòróró ra.

"Lọ gba ìwé yìí, ìwọ ọkùnrin yìí," mo máa ń sọ fún un. "Wákàtí mélòó kan ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀."

"Bí mo bá gba ìwé, wọ́n lè gba ìwé lọ́wọ́ mi."

"Ta ló fẹ́ gba kí ni lọ́wọ́ ẹ? Àwa tí a mọ̀ ẹ́ ò tiẹ̀ fẹ́ gba ẹja lọ́wọ́ ẹ."

"Waino, olè tó bá rí ìbọn á kọjá lọ. Èyí tó wà nínú aṣọ, báwo ló ṣe fẹ́ rí i?"

"Olè tó gbọ́n á kọ́kọ́ yìnbọn lu ẹni tó rí ìbọn lára ẹ̀."

"Èèyàn tó bá gbé ìbọn á hùwà pẹ̀lẹ́. Àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ náà á hùwà pẹ̀lẹ́."

Òótọ́ ni. Lọ́dún tó kọjá, àwọn àlejò méjì wọ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n rí ohun tó wà nídìí Urho, wọ́n kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì yí padà jáde. Urho ń yangàn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan pé òun lé adigunjalè. A wá gbọ́ pé ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú ló rán wọn, wọ́n wá tọrọ ìrànwọ́ ni.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ mọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ohun tó fa ìbọn yìí kì í ṣe ẹ̀rín. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ní ọ̀sán gangan, ọkùnrin kan fọ́ ilẹ̀kùn ilé wọn nígbà tí Helmi ìyàwó rẹ̀ dá wà nílé. Helmi sá wọ sọ́nà, ilé ooru tó wà lẹ́yìn ilé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá méjì ló ń ṣọ́ gbogbo agbègbè wa, igbó sì pọ̀. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta ló gbà wọ́n. Urho ló kọ́kọ́ débẹ̀, èèkù àáké nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ti lọ, kò ṣe Helmi ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n títí tí àìsàn fi mú obìnrin náà lọ lọ́dún méjì sẹ́yìn, kò dá wọ sọ́nà yẹn mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbọn kò wúlò, kó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta yẹn. Èmi ò lè dáhùn rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Aila. Olùkọ́ àwọn ọmọ ọdún márùn-ún ni, ní ilé ẹ̀kọ́ tó kọjú sí mi. Ó fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín, torí bí o bá dá ìgbéyàwó sínú àsìkò ọdẹ níbí, ìwọ àti pásítọ̀ nìkan lẹ máa jọ wà ńbẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ìgbéyàwó náà. Gbogbo ìlú ló ń ronú ohun kan náà, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ sókè: báwo ni Urho ṣe fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ wọlé? Aila ò bínú. Ó ní bàbá òun á yanjú ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ìgbéyàwó ni nǹkan bàjẹ́. Aila gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, pásítì, páì ẹran àti ọ̀dùnkún tí àwọn bàbá wa máa ń gbé wọ ihò kùsà. Bàbá rẹ̀ gbé e wá fún un. Urho mọ òfin bí ẹní mọ orúkọ ara rẹ̀: ìbọn kò gbọ́dọ̀ wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ló bá dúró sí ẹ̀bá ọgbà lóde, pásítì lọ́wọ́ òsì, ìbọn lórí kóòtù, ó ń retí kí Aila yọjú lójú fèrèsé. Olùkọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti gúúsù wá ló yọjú.

Ó rí ìbọn náà, aago ìkìlọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì pariwo. Ilẹ̀kùn tì gbàgà. Lójú ẹsẹ̀, fóònù gbogbo ìlú dún, tèmi náà dún: ọkùnrin kan tó wọ kóòtù pupa onílà wà nítòsí ilé ẹ̀kọ́ tòun ti ìbọn, kí gbogbo èèyàn jìnnà síbẹ̀. Urho ka tirẹ̀. Ó kígbe sí mi láti òdìkejì títì.

"Waino, wọlé, ti ilẹ̀kùn ẹ! Oníbọn kan wà ní ilé ẹ̀kọ́!"

"Urho, ìwọ ni."

"Èmi ni kí ni?"

"Ìwọ ni oníbọn náà. Wọ́n ní kóòtù pupa onílà. Wo ara ẹ."

Ó wo kóòtù rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti yé e. Ó wá ní, "Kóòtù yìí pọ̀ nílùú. Ó lè jẹ́ ẹlòmíràn."

Ó gbé ọwọ́ lé ìdí ìbọn, ó yí ẹ̀yìn sí ọgbà, ó sì ń wo ọ̀tún wo òsì. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kúrò ńbẹ̀. Ó ní bí òun bá kúrò, tí oníbọn náà wá wọlé, ta ló máa dá a dúró? Mo pe ilé ẹ̀kọ́, kò sẹ́ni tó gbé e, torí òfin wọn ni pé bí aago bá ti dún, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mí. Mo pe ọlọ́pàá, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, wọ́n já fóònù kí n tó dárúkọ Urho. Ogójì ìṣẹ́jú gbáko ni Urho Kangas fi dáàbò bo ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ Urho Kangas, tí yìnyín ń bọ́ lé e lórí.

Nígbà tí Gendron ọlọ́pàá dé, ó na ìbọn tirẹ̀ sí i láti ẹ̀yìn mọ́tò. Urho gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, tòun ti pásítì. Ìgbà tí Gendron mọ̀ ọ́n, ó jókòó sórí yìnyín nílẹ̀. Wọ́n tú òfin wò látòkè délẹ̀, wọn ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan tó ṣẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Urho yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, kò tíì lọ nígbà tí Aila wọlé bá wa. Kò wọ kóòtù. Iwájú síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tutù láti orúnkún sókè.

"Ọmọ kan ló tọ̀ sí mi lára," ó ní. "Mo gbé e lé ẹsẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Dádì, ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi ọwọ́ bo ẹnu ọmọ ọdún márùn-ún."

"Mo ń ṣọ́ yín ni, ọmọ mi."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

Urho na pásítì náà sí i.

"Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ bọ́ ìbọn yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ mú mi wọlé. Bẹ́ ò bá lè bọ́ ọ, Bọ̀ọ̀dá Waino ló máa mú mi wọlé. Mi ò bá yín jà. Mo kàn fẹ́ mọ èyí tẹ́ ẹ máa ṣe."

"Bí ìyá ẹ bá wà—"

"Ẹ má fi Màámi bẹ̀ mí."

Láàárọ̀ Sátidé, Urho wá fá irùngbọ̀n. Kóòtù dúdú tó wọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú Helmi ló wọ̀, bẹ́líìtì ìbọn sì wà lórí ẹ̀. Mo fá a, mi ò sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó tú bẹ́líìtì, ó gbé e sínú dúrọ́ọ̀ mi láàárín àwọn síṣọ́ọ̀sì, èmi fúnra mi sì tì í. Ayọ̀ mú mi, mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wá ìdí rẹ̀, kò bá nǹkan kan. Ó padà. Ó tún lọ, ó tún padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó di igi ilẹ̀kùn mú, ojú rẹ̀ funfun.

"Èèkù àáké ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, Waino," ó ní. "Èèkù àáké lásán."

"Mo mọ̀."

"Ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn."

Mo bú u. Mo pè é ní òmùgọ̀, mo pè é ní ọ̀lẹ, àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo sọ kò ṣe é kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ṣí i.

Nítorí náà èmi ni mo mú Aila wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Urho dúró lórí àtẹ̀gùn lóde, ó yí ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó ń ṣọ́ ojú títì tí kò sẹ́ni tó ń gbà á kọjá. Bí a ṣe kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Aila fẹnu kò ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Wọ́n ti ilẹ̀kùn nítorí òtútù.

Nígbà tó parí, tí àwọn èèyàn ń jáde, ó fà mí lápá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yìnyín ti bo èjìká rẹ̀ méjèèjì.

"O rí i pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀," ó ní. "Kò sẹ́ni tó dán an wò."

"Mo rí i."

"Ṣé ohùn ẹ̀ jáde dáadáa nígbà tó ń jẹ́jẹ̀ẹ́?"

"Ó jáde."

"Ṣé ó sunkún?"

"Díẹ̀."

"Pásítọ̀ bèèrè ẹni tó fa ọmọ náà fún ọkọ?"

"Ó bèèrè."

"Kí lo sọ?"

Inú ṣì ń bí mi, mo fẹ́ sọ ohun tó máa dùn ún. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sọ fún un.

"Mo ní bàbá rẹ̀ ni. Mo ní ó wà níta."

Urho mi orí, ó sì ń wo ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì náà títí wọ́n fi wá tì í.